Ọdún Méjìlélọ́gbọ̀n Lórí Àkọtọ́ Èdè Ìgbò

Nínú gbogbo ohun tí ó ń bí ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé nínú, bóyá ni èyí tí ó burú tó kí ènìyàn di ìwé tí a fi èdè ìyá rẹ̀ kọ mú, kí ó mọ̀ dájú pé èdè òun ni, síbẹ̀ kí ojú rẹ̀ máa kọsẹ̀ lórí ewé kìíní bí ẹni tí ń rìn lókùnkùn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Ìgbò nìyí fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, láti 1929 títí di 1961. Àwa Yorùbá kì í sábà mẹ́nu kan ìtàn náà, bóyá nítorí pé àkọtọ́ tiwa kò dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́, àti ẹni tí ń ṣe ìdánwò lé e lórí, kò sí ẹni tí ìtàn náà kò kàn nínú wọn.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà jìnnà sẹ́yìn. Ní 1857, Samuel Àjàyí Crowther, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tẹ ìwé A B D kan jáde ní èdè Ìgbò. Ní ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ C.M.S. bẹ̀rẹ̀ ní Onitsha lábẹ́ Àlùfáà John Christopher Taylor, ẹni tí a bí ní Sàró, tí àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ Ìgbò. Álífábẹ́ẹ̀tì tí C.M.S. fara mọ́ nígbà náà ni èyí tí Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, gbé kalẹ̀. Ìlànà rẹ̀ kò le: bí lẹ́tà Róòmù kò bá tó fún ìró kan, kí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀ tàbí sí orí rẹ̀. Irú ìlànà yìí kan náà ni a fi ń kọ ẹ, ọ àti ṣ tiwa. Nínú àkọtọ́ àtijọ́ yìí ni Thomas John Dennis àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ìtumọ̀ Bíbélì tí ó jáde ní 1913, tí a ń pè ní Union Igbo. Láti ìgbà náà, ojú àwọn òǹkàwé mọ́ àkọtọ́ yìí bí ojú àgbẹ̀ ti í mọ́ ọ̀nà oko rẹ̀.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá o. Fáwẹ̀lì mẹ́jọ ni èdè Ìgbò ní, àkọtọ́ àtijọ́ kò sì ní lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nítorí náà ụkwụ, tí í ṣe ẹsẹ̀, lè jọ ukwu, tí í ṣe ńlá, nínú ìwé. Ọmọ Ìgbò yóò fi òye gbé e. Ṣùgbọ́n àjèjì tí ń kọ́ èdè náà yóò máa fi ńlá pe ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn, tí àwọn tí mo ń kà á fún sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní 1926 ni a dá Àjọ Àgbáyé fún Èdè àti Àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1927 ni Àjọ náà tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ àwọn èdè Áfíríkà. Èrò àwọn ọ̀mọ̀wé náà ni pé àmì abẹ́ kò dára: ó ń ni ojú òǹkàwé lára, ọwọ́ tí ń kánjú a máa gbàgbé rẹ̀, ó sì máa ń jẹ kúrò lára lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé. Ó sàn, ni wọ́n wí, kí a ṣẹ̀dá lẹ́tà titun, bí ɔ àti ŋ. Ní Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957, àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí ibùjókòó. Títí di òní ɛ àti ɔ ni a fi ń kọ Twi àti Ewe. Ní 1929 Ọ̀jọ̀gbọ́n Diedrich Westermann, ọ̀kan nínú àwọn olórí Àjọ náà, wá sí Nàìjíríà, ó sì dámọ̀ràn irú wọn fún èdè Ìgbò. Ìjọba fara mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọ Àgùdà àti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bá ìjọba lọ, C.M.S. kọ̀ jálẹ̀. Kí a má ṣe yára dá àwọn tí ó kọ̀ lẹ́bi. Bíbélì, ìwé orin àti ìwé àdúrà ti wà nínú ilé àwọn ènìyàn. Ta ni yóò san owó títún wọn tẹ̀? Àwọn tí ó ni èdè sì sọ pé a kò bi àwọn léèrè kí a tó yí àkọtọ́ àwọn padà. Wọ́n tún béèrè pé bí ọ bá tó fún Yorùbá, kí ló dé tí kò tó fún Ìgbò? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo kà sí èyí tí ó lágbára jù, n kò sì tíì rí ìdáhùn gidi sí i nínú ohun tí mo kà.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọmọ tí ó kọ́ ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà, bí bàbá rẹ̀ bá ṣí lọ sí ìlú mìíràn tí ọmọ náà sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., yóò tún A B D kọ́. Olùkọ́ tí a fi àkọtọ́ kan tọ́ lè bá ìwé àkọtọ́ kejì nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ ìwé ní láti yan ìjọ tí yóò kà á kí ó tó yan ohun tí yóò sọ. Olùtẹ̀wé ní tirẹ̀ mọ̀ pé àkọtọ́ yòówù tí òun bá lò, apá kan àwọn tí ó gbọ́ èdè náà kò ní fọwọ́ kan ìwé òun. Lójú oníṣòwò, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni kò ní ìyọnu. Nígbà tí àwọn ìwé pẹlẹbẹ ọjà Onitsha bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. N kò wí pé ìjà àkọtọ́ nìkan ni ó fà á, nítorí owó àti ipò wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá, ó dájú pé kò gbé ẹrù ìwé lọ sí ọjà rí.

Síbẹ̀ ayọ̀ wà láàárín rẹ̀. Omenuko, ìwé tí Pita Nwana kọ, gba ẹ̀bùn nínú ìdíje tí Àjọ Lọ́ńdọ̀nù náà ṣe, ó sì jáde ní 1933. Òun ni a kà sí ìtàn-àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Ìgbò. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò kan ni, tí ẹrù rẹ̀ bọ́ sómi nígbà tí afárá wó, tí ó sì ta àwọn ọmọ-iṣẹ́ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó lè dí òfò náà. Ọkùnrin àgbà kan ní Owerri sọ fún mi pé ìyá òun, tí kò mọ̀wé, mọ ọ̀pọ̀ ojú ewé rẹ̀ sórí, nítorí pé a máa ń kà á sókè nínú ilé wọn lálaalẹ́; bí òǹkàwé bá fo gbólóhùn kan, ìyá náà a dá a dúró, a ní kí ó padà sẹ́yìn. Ohùn ni ìyá yẹn gbọ́, kò rí lẹ́tà, àkọtọ́ kò sì lè bá a jà.

Ní ilẹ̀ Haúsá, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1933 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ ìwé ní Zaria, lábẹ́ Rupert East, ṣe ìdíje tirẹ̀, èyí tí ó mú Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam àti Shaihu Umar ti Abubakar Tafawa Balewa wá. Nígbà tí àwọn lẹ́tà oníkọ́ mẹ́ta, ɓ, ɗ àti ƙ, dé, ilé-iṣẹ́ Zaria wà níbẹ̀ láti tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, àti sínú ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Wọ́n wúlò: kare ni ajá, ƙare ni kí nǹkan parí. Lóòótọ́, ẹni tí taipuráítà rẹ̀ kò ní kọ́ a máa fi k lásán rọ́pò rẹ̀, ajá a sì wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀.

Lọ́dọ̀ Ìgbò, ìwé tí Ida Ward tẹ̀ jáde ní 1936 fi hàn láìsí àníàní pé fáwẹ̀lì mẹ́jọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kì í fi gbogbo ìgbà parí ìjà. Ní 1949 F. C. Ogbalu dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìgbéga èdè àti àṣà Ìgbò, ó sì tako àwọn lẹ́tà titun gidigidi. Ìgbìmọ̀ tí Dókítà S. E. Ọnwụ ṣe alága rẹ̀ ni ó parí ọ̀rọ̀ náà ní 1961. Lẹ́tà mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fọwọ́ sí. Fáwẹ̀lì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fẹ́: a, e, i, ị, o, ọ, u, ụ. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ ni a fi kọ wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọ àtijọ́ ti fẹ́. Ɔ lọ, ṅ tí ó ní àmì lórí sì padà wá dípò ŋ. Lójú tèmi, ojútùú náà dára, ó sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yani lẹ́nu pé a kò rí i ní 1930. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó pẹ̀lú ìhà méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ kan ìbá ti rí i.

Ohun tí ó kù ni ohùn. Nínú ìwé kíkọ ojoojúmọ́, àwọn Ìgbò kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Akwa lè jẹ́ ẹkún, tàbí ẹyin, tàbí aṣọ, tàbí ibùsùn. Àwa tí ìlànà àkọtọ́ ti 1974 ń tọ́ sọ́nà kò yẹ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé mélòó nínú wa ni ó ń fi àmì sí lẹ́tà tí a kọ sí ọ̀rẹ́?

Ẹ̀sùn 1927 pàápàá kò tíì kú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé ìtẹ̀wé kan dá ìwé kíkà Ìgbò kan tí mo bá wọn yẹ̀ wò padà fún wa, gbogbo àmì abẹ́ ụ àti ị ti dànù, nítorí pé irú lẹ́tà tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn kò ní wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti ọ̀gá kan fi fi bírò dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tí ń fi fóònù kọ èdè Ìgbò kì í wá wọn rárá, àṣà náà sì ń tẹ̀lé wọn wọ yàrá ìdánwò. N kò rò pé ó tọ́ kí a gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí a kò fún ní ìwé tí àmì rẹ̀ pé.

Mo ní ìwé kíkà àtijọ́ kan tí mo rà lórí àtẹ ní Onitsha, tí a tẹ̀ ṣáájú 1961. Ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí abẹ́ gbogbo ụ àti ị tí ó yẹ kí ó ní in, láti ojú ewé kìíní. Ó ṣe é dé ojú ewé kẹtàdínlógójì, ní àárín gbólóhùn, kí ó tó dáwọ́ dúró.