Ọjọ́ Tí Mo Se Páì Charlie Chaplin

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo wọ bọ́ọ̀sì 12 ní Peckham, ó di Walworth. Ẹran màlúù àti kíndìnrín àgùntàn ni mo ń wá lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1930, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Beverly Hills ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn gbajúmọ̀ àdúgbò wọn mú oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn wá, kí wọ́n fi ṣe ìwé ìdáná. Nígbà tó kan Charlie Chaplin, aláwàdà tí owó ti kún ọwọ́ rẹ̀ fọ́fọ́, kò dárúkọ oúnjẹ ọlọ́lá kankan. Páì ẹran àti kíndìnrín ló mú wá, oúnjẹ àwọn mẹ̀kúnnù Lọ́ńdọ̀nù.

Mẹ́jọ ààbọ̀. Ọjà East Street ti ń kún. Àdúgbò yìí ni Chaplin fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n bí òun sí ní oṣù kẹrin ọdún 1889, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ títí dòní. Lóde òní, kí ẹ tó na ọwọ́ sí iṣu, ẹnìkan á ti kí yín pé “ẹ kú ọjà o.” Alápatà bi mí bóyá ajá ni mo fẹ́ fi kíndìnrín bọ́. Mo ní rárá, èmi gan-an ni. Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ ṣàkì, ẹ̀dọ̀ àti fùkù dàgbà ló ti ń béèrè.

Aago mẹ́wàá. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Kennington. Ilé tó di Cinema Museum báyìí, ara ilé àwọn aláìní Lambeth ni tẹ́lẹ̀, níbi tí òtòṣì ti ń ṣiṣẹ́ àṣekára kó tó rí oúnjẹ jẹ. Ní 1896, Chaplin, ọmọ ọdún méje, wọ ilé aláìní Lambeth pẹ̀lú Sydney ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Hannah ìyá wọn. Wọ́n ya ìyá sọ́tọ̀, wọ́n ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo sì rántí The Gold Rush, fíìmù rẹ̀ ti 1925. Ebi pa òun àti Mack Swain, òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú yìnyín, ó wá se bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi fọ́ọ̀kì lọ́ okùn bàtà bíi sìpàgẹ́tì, ó ń fa ìṣó lẹ́nu bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn eegun. Súìtì dúdú tí wọ́n ń pè ní liquorice ni wọ́n fi ṣe bàtà náà. Lójú tèmi, ẹni tí ebi kò pa rí kò lè fa ìṣó bẹ́ẹ̀.

Mọ́kànlá kọjá, mo ti délé. Mo la kíndìnrín mẹ́ta sí méjì, mo gé iṣan funfun inú wọn dànù, mo rẹ wọ́n sínú mílíìkì kí òórùn wọn lè lọ sílẹ̀. Kò tètè lọ. Mo yí ìdajì kílò ẹran nínú fùláwà, iyọ̀ àti ata dúdú, mo dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà àti kíndìnrín náà, mo da omi lé e. Lẹ́yìn náà, iná kékeré fún wákàtí méjì.

Aago méjì. Ìyẹ̀fun orí páì ló kù: fùláwà giramu 225, ọ̀rá líle tó máa ń yí kíndìnrín màlúù ká giramu 110, omi tútù. Èmi tí mo ti ń ṣe míìtì páì fún òde àríyá láti kékeré, mo rò pé mo ti gbọ́n tán. Mo tẹ́ ìyẹ̀fun lé ọbẹ̀ tó ṣì ń hó. Kó tó wọ ààrò, ọ̀rá ti yọ́, àárín ti rì, ó sì rí bíi fìlà tí òjò pa. Mo kó o dànù, mo gbé àwo sínú omi tútù, mo po òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dorí ife ẹyin kan kodò sí àárín kó lè gbé ìyẹ̀fun ró.

Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 40, ó wọ ààrò gáàsì, ìwọ̀n 200.

Ẹ̀gbọ́n mi dé bí mo ṣe ń gbé e jáde.

“Àbúrò, kí ló ń rùn báyìí?”

“Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná.”

Wọ́n tọ́ ọ wò. Orí rẹ̀ le díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín, omi ẹran ti ki, kíndìnrín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹ̀dọ̀. “Ó dùn,” ni wọ́n wí, “àmọ́ kò bá ata pàdé lójú ọ̀nà.” Wọ́n dìde lọ gbé ata gígún. Èmi jẹ tèmi bó ṣe wà.

Aago mẹ́fà, páì náà ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó bò ó.