Ọmọ́ńlé Inú Igbó, Ìbátan Ti Ara Ògiri

Ọmọ́ńlé tó ń rìn lára ògiri lálẹ́ kò ṣàjèjì sí àwọn ará Kẹ́mta ní Abẹ́òkúta. Ìdí iná ni í lúgọ sí, kòkòrò ni í jẹ. Bí àwọn kan tilẹ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀, kò ní oró rárá. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan tí kì í ṣe ará ilé: ọmọ́ńlé inú igbó kìjikìji.

Hemidactylus fasciatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, nítorí ilà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó dábùú ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni. Ní ọdún 2010, Adam Leaché àti Matthew Fujita fi àyẹ̀wò DNA hàn pé ìrísí lásán ni wọ́n fi jọra. Nígbà tó di 2014, a fún ẹ̀yà mẹ́rin ní orúkọ tuntun. Ẹyọ kan àtijọ́ di márùn-ún. Èyí tó wà ní Nàìjíríà àti Cameroon ni Hemidactylus eniangii. Orúkọ Edem Eniang, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Bí a bá gé igbó lulẹ̀ tí a kọ́ ilé síbẹ̀, ti ara ògiri rí ibùgbé tuntun nìyẹn. Ti inú igbó kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ni ilé rẹ̀. Ẹni tó ń pa igbó run lè pa ẹ̀yà kan rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ.