Mẹ́táàlì Olómi àti Ooru Inú Ínfátà ní Ajue

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa bí a ṣe ń lé ooru kúrò lára ẹ̀rọ alágbára ti ń gbé mẹ́táàlì olómi gẹ̀gẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rí wọn kò fara sin. Ìwọ̀n bí ooru ṣe ń gba inú omi kọjá jẹ́ 0.6 W/mK péré. Ti galinstan, àdàlù gálíọ́mù, índíọ́mù àti tánńganran tí kì í dì títí di nǹkan bí -19°C, súnmọ́ 16. Ìṣirò yìí pé. Àríyànjiyàn mi ni pé kò dáhùn ìbéèrè ẹni tó gbé ínfátà sílé ní Ajue.

Ajue wà lójú ọ̀nà Oǹdó sí Orè. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Orè, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ àti sólà ni ọ̀pọ̀ ilé agbègbè náà gbójú lé. Ìgbà tí oòrùn mú jù náà ni ínfátà ń ṣiṣẹ́ jù: ó ń gba iná lára sólà, ó ń fi kún bátìrì, ó sì ń gbé fíríìjì, nínú yàrá tí páànù òrùlé rẹ̀ ti gbóná.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀kan. Eruku ọyẹ́ ti di mọ́ fáànù. Lẹ́yìn fáànù ni alumíníọ́mù tí a gé bí òòyà wà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní heat sink. Àwọn MOSFET, ègé tó ń tan iná tó sì ń pa á kíákíá nínú ínfátà, ló lẹ̀ mọ́ ọn, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Láàárín wọn àti alumíníọ́mù ni bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá wà, pẹ̀lú páàsìtì funfun. Bí páàsìtì yẹn bá pẹ́, á gbẹ, á máa ré, afẹ́fẹ́ á sì gba àyè rẹ̀. Ìwọ̀n bí ooru ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá kò sì ju 0.026 W/mK lọ.

Ká ní ínfátà náà ń gbé 4,000 wáàtì, tó sì ń fi ìdá 7 nínú 100 ohun tó gbà ṣòfò: ooru tó ń tú jáde á tó 300 wáàtì. Bí a bá fẹ́ fi omi lé ooru yìí lọ, tí lítà kan ń gba ara ínfátà kọjá ní ìṣẹ́jú kan, omi náà á fi nǹkan bí 4.3°C gbóná sí i. Lítà galinstan kan á fi ju 9°C lọ, nítorí pé ooru tó lè dì mú kò tó ìdajì ti omi, bẹ́ẹ̀ ó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Ó yá níbi gbígba ooru. Rírù ú lọ ni kò tó omi. Níbi tí ooru ti rọ́ jọ sójú kékeré ló ti ń borí, a sì lè fi agbára òòfà tì í láìsí ẹ̀rọ tó ń yí. EBR-I, ẹ̀rọ átọ́míìkì Idaho tó tan iná àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1951, àdàlù sódíọ́mù àti potásíọ́mù ló ń gbé ooru rẹ̀. Ta ló ń gbé irú èyí sí pálọ̀?

Ohun tó kù ni ká fi mẹ́táàlì olómi rọ́pò páàsìtì, bí Sony ti ṣe nínú PlayStation 5 lọ́dún 2020. Lábẹ́ MOSFET tó ń tú 25 wáàtì sórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin méjì, bí páàsìtì gidi tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4 W/mK bá nípọn tó 0.05 mm, èrè pípààrọ̀ rẹ̀ kò ju 1°C àti díẹ̀ lọ. Ewu rẹ̀ ńkọ́? Iná wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ MOSFET, mẹ́táàlì sì ń gbé iná: bí ẹ̀kán kan bá ṣàn kọjá ibi tó yẹ, ínfátà lọ nìyẹn. Gálíọ́mù tún máa ń wọ àárín àwọn hóró alumíníọ́mù títí irin tó le á fi máa rún lọ́wọ́, alumíníọ́mù sì ni heat sink wa. A ó ní láti sọ ọ́ di bàbà. Ilẹ̀ Ṣáínà ló sì ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú gálíọ́mù ayé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń kó o jáde níbẹ̀.

Èyí tó wúwo jù lójú mi kò sí lábẹ́ MOSFET rárá. Àwọn kàpásítọ̀, ègé tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀ nínú ínfátà, kì í lẹ̀ mọ́ heat sink. Inú afẹ́fẹ́ àpótí ni wọ́n dúró sí. Òfin tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé ni pé bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ìdajì ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ oníkẹ́míkà ti lọ. Gálíọ́mù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Fáànù tí a gbọn eruku rẹ̀ dànù, àti ògiri tí oòrùn ọ̀sán kì í bà, ló lè dé ibẹ̀.