Owó-Orí Tí Ó Padà Sẹ́yìn: Ìjà Àwọn Agbaṣẹ́ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2008, nígbà tí Mínísítà Ètò Owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò ìnáwó ọdún náà kalẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé kékeré kan bá a jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 66. Ohun tí ìwé náà wí kò pọ̀: ìjọba yóò ṣe òfin titun kan lórí owó-orí, a ó sì ka òfin náà sí èyí tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àní láti ọdún 1987. Bí 2,500 ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n sùn ní alẹ́ láìjẹ gbèsè, gẹ́gẹ́ bí àwọn tìkára wọn ti gbà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti di ajigbèsè lórí owó tí wọ́n ti ná tán ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Agbaṣẹ́ṣe ni à ń pe àwọn ènìyàn yìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kọngílá tí ń la títì tàbí tí ń kọ́ afárá ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ tí ń dá ṣiṣẹ́ ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ amòye nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú aláìní wá kún wọn. Wọn a bá báńkì kan ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, wọn a tún bá ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe é fún ọdún kan. Kò sí owó ìsinmi, kò sí owó ọjọ́ àìsàn, kò sì sí ìdánilójú pé iṣẹ́ yóò wà lọ́la. Ohun tí wọ́n ń jèrè nínú rẹ̀ ni òmìnira, àti pé owó-orí wọn a máa fúyẹ́ ju ti òṣìṣẹ́ oṣù lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, òfin kan tí a mọ̀ sí IR35 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wí pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ oṣù, owó-orí òṣìṣẹ́ oṣù ni a ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Òfin náà lọ́jú pọ̀, ó sì ṣòro fún ènìyàn láti mọ̀ bóyá ó mú òun tàbí kò mú òun. Ìbẹ̀rù rẹ̀ lé ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe sí ọwọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n owó-orí, tí wọ́n ní àwọn mọ ọ̀nà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ gba erékùṣù Man kọjá. Erékùṣù yìí wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ó ní òfin owó-orí tirẹ̀, ó sì ti bá ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ṣe àdéhùn láti ọdún 1955 pé a kì yóò gba owó-orí lẹ́ẹ̀méjì lórí èrè kan ṣoṣo. Àwọn ọlọ́gbọ́n náà dá ẹgbẹ́ òwò sílẹ̀ níbẹ̀. Owó tí agbaṣẹ́ṣe bá ṣiṣẹ́ fún ní Lọ́ńdọ̀nù a wọ inú ẹgbẹ́ òwò náà, a gba ọwọ́ alágbàtọ́ kan kọjá, a sì padà bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ pé èrè erékùṣù Man ni. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe titun. Ọkùnrin kan tí ó ní ìpín nínú ẹgbẹ́ òwò kan ní erékùṣù Jersey jàre ìjọba nílé-ẹjọ́ rí. Ìjọba sáré ṣe òfin ní ọdún 1987 láti dí ihò náà, òfin ọ̀hún sì padà sẹ́yìn. Nítorí náà nígbà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ké pé a kì í ṣe irú èyí, ìjọba dáhùn pé òun ti ṣe é rí, ní ojú gbogbo ayé.

Ọ̀kan nínú wọn gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́, àwọn yòókù sì dúró tì í. Ilé-Ẹjọ́ Gíga dá ìjọba láre ní ọdún 2010. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní ọdún 2011. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg, àwọn adájọ́ ibẹ̀ kò tilẹ̀ gba ẹjọ́ náà wọlé, ní ọdún 2015. Ìdí rẹ̀ yẹ kí a mọ̀ dájú. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ Yúróòpù kọ̀ fún ìjọba láti fi òfin òní sọ ìṣe àná di ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ní ti ohun-ìní àti owó-orí, ó fún ìjọba láàyè, bí ó bá ṣáà ti lè fi hàn pé òun wo ire gbogbo ìlú mọ́ ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, a yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó nítorí òwò oògùn olóró, lábẹ́ òfin ológun ti ọdún 1984 tí a fún ní agbára láti padà sẹ́yìn, ariwo rẹ̀ sì kan gbogbo ayé. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 4, ẹsẹ̀ 9, ti gba irú agbára bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀daràn nìkan ni ẹsẹ̀ náà dárúkọ. Kò mẹ́nu kan owó-orí.

Kí ẹjọ́ erékùṣù Man tó parí, ọ̀nà kejì ti di òpópó. Èyí ni ọ̀nà owó-yíyá. Kí a fi £100 ṣe àpẹẹrẹ: agbaṣẹ́ṣe a gba £20 bí owó oṣù, a sì san owó-orí lórí rẹ̀, £80 tí ó kù a gba ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kan ní òkè òkun wá bá a bí owó tí ó yá. Lórí ìwé, ó jẹ gbèsè. Ní tòótọ́, kò sí ẹni tí yóò béèrè owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹni tí ó bá yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó títí yóò fi san án. Owó tí a kò ní san padà, ẹ̀bùn ni a ń pè é. Kò rọrùn láti gbà pé ẹni tí ń gba irú owó-yíyá bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù kò fura rárá. Síbẹ̀ òótọ́ kan wà ní apá kejì pẹ̀lú: àwọn amòfin àti oníṣirò owó fi ọwọ́ sọ̀yà fún wọn pé ó bá òfin mu, àwọn kan nínú wọn kọ ọ́ sínú ìwé owó-orí wọn gbangba, àjọ agbowó-orí sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Dídákẹ́ náà parí ní oṣù kẹta ọdún 2016. Òfin tí ìjọba kéde nígbà náà, tí ó sì di ìlò ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, wí pé gbogbo irú owó-yíyá bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn gbà láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1999, bí a kò bá tíì san án padà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2019, a ó kà á sí owó iṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Owó ogún ọdún di owó ọdún kan, ìpín owó-orí tí ó ga jù lọ sì dé bá ẹni tí kò gba owó ńlá ní ọdún kankan rí. A fojú díwọ̀n rẹ̀ pé bí 50,000 ènìyàn ni yóò kàn.

Ìjọba ní òfin náà kò padà sẹ́yìn. Ó ní gbèsè tí ó wà nílẹ̀ ní ọdún 2019 ni òun ń gba owó-orí lé lórí, ọdún 2019 sì ṣì wà níwájú nígbà tí a kéde rẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ní àròyé lásán ni èyí. Wọ́n ní lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ agbowó-orí ní iye ọdún tí ó lè fi tú ìwé ẹni wò. Bí ọdún náà bá kọjá, ìwé ti dì nìyẹn. Òfin titun yìí sì ṣí ìwé tí ó ti dì. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ìjọba kò purọ́. Ní ti ìpalára, àwọn agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n jàre. Ní oṣù keje ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rangers ti Glasgow pé owó tí a bá fi ránṣẹ́ sí alágbàtọ́ nítorí iṣẹ́ òṣìṣẹ́, owó iṣẹ́ náà ni; ṣùgbọ́n èyí pàápàá gbé ìbéèrè mìíràn dìde. Bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́, ṣé kì í ṣe ẹni tí ó gbani síṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ti yọ owó-orí kúrò nínú rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Àwọn tí ó tà ọgbọ́n náà ti gba owó iṣẹ́ tiwọn lọ, ọ̀pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ wọn sì ti fọ́nká. Òṣìṣẹ́ tí ó ní ilé àti àdírẹ́sì ni ìwé agbowó-orí wá bá. Nínú àwọn tí ìwé náà bá, àjọ agbowó-orí fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ nípa ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe ti rí ibi tí ẹjọ́ erékùṣù Man parí sí. Ìgbà yìí, ìrètí wọn kò sí lọ́dọ̀ adájọ́ nìkan. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Loan Charge Action Group kó wọn jọ, olúkúlùkù sì kọ lẹ́tà sí aṣojú tí ó dìbò fún, láìwo ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ti Ilé Àwọn Ọlọ́lá bẹnu àtẹ́ lu òfin náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Sir Ed Davey mú kí Ilé fi àtúnṣe kan sínú òfin ìnáwó, tí ó fi dandan lé e pé kí ìjọba tún òfin náà yẹ̀ wò. Ìròyìn tí ìjọba kọ ní oṣù kẹta gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ti lè retí. Ṣùgbọ́n ariwo kò rọlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, a pe Sir Amyas Morse, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó ìjọba, láti wá wo ọ̀rọ̀ náà.

Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2019. Kò ní kí a pa òfin náà rẹ́. Ó ní kí a mú gbogbo owó-yíyá tí ó ṣáájú ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 2010 kúrò nínú rẹ̀, nítorí ọjọ́ náà ni ìjọba kọ́kọ́ kéde òfin tí ó ṣe kedere pé irú owó bẹ́ẹ̀ jẹ owó-orí. Kí a sì jẹ́ kí àwọn yòókù pín owó náà sí ọdún mẹ́ta. Òfin ọdún 2020 gbà bẹ́ẹ̀. Ìjọba ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní 30,000 ènìyàn tí yóò rí ìtura, àti pé 11,000 nínú wọn yóò bọ́ pátápátá. Ohun tí ilé-ẹjọ́ mẹ́ta kò fún àwọn ará erékùṣù Man, lẹ́tà àti ẹ̀bẹ̀ gbà á fún àwọn wọ̀nyí, ó kéré tán ní ààbọ̀.

Àwọn tí ó gba owó lẹ́yìn ọdún 2010 kò dákẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba titun kéde àyẹ̀wò mìíràn, a sì fi í lé Ray McCann lọ́wọ́, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ rí nínú àjọ agbowó-orí. Ìròyìn tirẹ̀ jáde pẹ̀lú ètò ìnáwó ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba sì gbà láti dín gbèsè àwọn tí kò tíì yanjú tiwọn kù. A kò fún McCann láṣẹ láti sọ bóyá ó tọ́ kí a ṣe òfin náà rárá. Ní ti àwọn tí wọ́n ti ta ilé, tí wọ́n sì ti san owó wọn pé kí wọ́n lè sùn, àyẹ̀wò náà kò kàn wọ́n.