Inú Rere Nínú Ìwé Aláwòrán: Láti Orí Àlọ́ Dé Kíláàsì Adó-Èkìtì

Kí ìwé tó dé Adó-Èkìtì, àlọ́ ni ìwé ọmọdé. Àgbà a pa á, ọmọ a gbe orin, oníkálukú a sì fi ojú inú ya àwòrán tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tí ó jẹ ọ̀kánjúà ni àlọ́ Ìjàpá sábà máa ń fi kọ́ni. Ọmọ a mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Bí inú rere ti rí gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ di ìwé tí ọ̀pọ̀ ìran fi mọ Yorùbá kà. Ẹ̀kọ́ ìwà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Modákẹ́kẹ́, tí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1990, Mabel Segun dá ibùdó ìwádìí lórí ìwé ọmọdé sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìwé ọmọdé ti di ohun tí a ń gbé yẹ̀ wò.

Kí ni olùkọ́ yóò wá wò nínú ìwé tí ó ń kọ́ni ní inú rere? Èkíní, ǹjẹ́ àwòrán fi ìṣe hàn? Ọmọ tí ó ń bá ìyá arúgbó sọ ẹrù kalẹ̀ ní Ọjà Ọba kọ́ni ju ojú ẹ̀rín tí a kọ “ṣe rere” sí lábẹ́ lọ. Èkejì, ǹjẹ́ ẹni tí a ràn lọ́wọ́ ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀? Bí arọ bá wà nínú ìwé kí a lè káàánú rẹ̀ nìkan, ìwé náà kò bu iyì fún un. Ẹ̀kẹta, kí ni oore náà ná olóore? Bí wúrà bá já lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, òwò ni ọmọ kọ́, kì í ṣe inú rere.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Adó ń gbọ́ nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ti ìwé. Àwòrán ni afárá láàrin méjèèjì. Nítorí náà, kí olùkọ́ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú ìwé, kí ó fi àwòrán nìkan han ọmọ. Bí ọmọ bá lè fi èdè ilé rẹ̀ sọ ẹni tí ó ṣe oore, ẹni tí a ṣe é fún àti ìdí rẹ̀, ìwé náà yẹ ní rírà.