Yìnyín, ilé ẹ̀kọ́ àti travel team: ìtàn baseball níbi tí òtútù ti mú

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka thread yìí. Ní àríwá Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan wà tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé: ṣé kí ọmọ gbá baseball fún ilé ẹ̀kọ́ girama ẹ̀ ni, àbí kó lọ sí travel team, ìyẹn ẹgbẹ́ tí òbí ń sanwó fún, tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ 🧵

2/ Òtútù ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà ìrúwé ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń gbá baseball. Lásìkò yẹn, oòrùn ti ń ràn ní Florida. Ní Minnesota ńkọ́? Yìnyín ṣì lè wà lórí pápá nínú oṣù April! Inú gbọ̀ngàn lọmọ á ti máa ju bọ́ọ̀lù. Kí ilẹ̀ tó gbẹ dáadáa, sáà ti ń lọ sópin.

3/ Làwọn èèyàn bá wá ọgbọ́n dá. Ní 1925, ní Milbank, ìlú kékeré kan ní South Dakota, American Legion, ẹgbẹ́ àwọn tó ti jagun rí, pinnu láti dá baseball sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́. Ìgbà ooru ni wọ́n ń gbá a, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi. Ẹgbẹ́ àdúgbò ni, tòun ti aládùúgbò ló jọ ń gbé e ró.

4/ Ní Van Meter, Iowa, bàbá Bob Feller tó jẹ́ àgbẹ̀ tiẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà òtútù, inú abà lọmọ ti ń ju bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, bàbá sọ apá kan oko ẹ̀ di pápá. Ní 1936, Bob, ọmọ ọdún 17, bẹ̀rẹ̀ eré àkọ́kọ́ ẹ̀ fún Cleveland, ó sì ṣe strikeout 15. Lẹ́yìn náà ló padà sílé lọ parí girama ẹ̀ 😂

5/ Ẹ wo Saint Paul, Minnesota náà. Dave Winfield àti Paul Molitor, ọ̀tọ̀ nilé ẹ̀kọ́ tí oníkálukú gbá fún. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Legion kan náà, Attucks-Brooks, làwọn méjèèjì ti gbá nígbà ooru. Winfield wọ Hall of Fame ní 2001, Molitor ní 2004. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí: ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe tiẹ̀, àdúgbò ń ṣe tiẹ̀.

6/ Ibi tí nǹkan ti yí padà rèé. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Jerry Ford dá Perfect Game sílẹ̀ ní Cedar Rapids, ní Iowa náà. Èrò ẹ̀ dáa: àwọn scout ò rí ọmọ ilẹ̀ òtútù, ẹ jẹ́ ká kó wọn jọ kí wọ́n lè rí wọn. Ó ṣiṣẹ́, àṣeyọrí ńlá ni. Àmọ́ lónìí, Georgia, Florida àti Arizona ni ìdíje wọn tó tóbi wà. Oògùn tí wọ́n ṣe fún òtútù ti wá di ohun tó ń lé ọmọ Iowa lọ wọkọ̀ òfuurufú.

7/ Ṣé ìrírí yẹn tiẹ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ bi Mike Trout, ọmọ Millville, New Jersey. Ní draft ọdún 2009, òun nìkan ló wá jókòó sí stúdíò lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń retí. Wọ́n pe ẹni 24 kó tó kàn án. Angels tó padà mú un gan-an, ẹlòmíì ni wọ́n kọ́kọ́ mú! Trout ti gba MVP lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Ó gbá fún ilé ẹ̀kọ́, ó sì gbá fún travel team.

8/ Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbìyànjú kí ilé ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀ máa gbá a nígbà ooru. Wisconsin ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ iye ilé ẹ̀kọ́ tó ń kópa ń dín kù, wọ́n sì fòpin sí i lẹ́yìn sáà 2018. Ó wá ku Iowa nìkan.

9/ Ohun kan tí a máa ń gbàgbé: òtútù máa ń fún apá nísinmi. Ní 2015, John Smoltz, ọmọ Lansing, Michigan, wọ Hall of Fame. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó débẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìgbọ̀nwọ́ tí wọ́n ń pè ní Tommy John. Lọ́jọ́ ayọ̀ ẹ̀ yẹn, ó kìlọ̀ fáwọn òbí pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ máa gbá baseball yípo ọdún.

10/ Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni yìnyín náà rí. Àmọ́ owó ẹgbẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ òfuurufú lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́dún. Ọmọ olówó ti rí agboòrùn rà. Ọmọ awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n jù ú bíi Feller ńkọ́? Ta ló máa rí i?

11/ Torí náà, bí ẹ bá ń gbọ́ "ilé ẹ̀kọ́ àbí travel", ẹ rántí pé àwọn bàbá ńlá eré yìí ṣe méjèèjì, àdúgbò ló sì gbé apá kejì fún wọn. Ohun tó sọnù níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ bá mi RT kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń tọ́mọ lọ́hùn-ún 🙏🏾