Ẹ̀kọ́ Sísọ Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Láti Old GRA títí dé Ayé Inú Ẹ̀rọ

Ọdún 1913 ni ìlú tuntun tí ìjọba amúnisìn ń tẹ̀ dó sórí ilẹ̀ àwọn ará Rebisi gba orúkọ Port Harcourt, láti ara Lewis Harcourt, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn. Ìlànà Lugard ni pé kí 440 yáàdì ilẹ̀ òfìfo ya ibùgbé Òyìnbó kúrò lára ti aláwọ̀ dúdú. Ibà àti ẹ̀fọn ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. Irú ìyapa bẹ́ẹ̀ ni ó bí àdúgbò tí à ń pè ní Old GRA lónìí.

Ìpalára rẹ̀ fún èdè kò ṣeé fojú fò. Alásè, olùtọ́jú ọgbà àti akọ̀wé ni aláwọ̀ dúdú tí ó ń wọ ibẹ̀, àṣẹ ni wọ́n sì ń gbọ́ jù. Àṣẹ kì í béèrè ju "bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ inú ìlú ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò rí ẹni bá a tàkúrọ̀sọ. (Pijin, tí òwò etíkun ti bí kí Port Harcourt tó wà, kò mọ irú ìṣòro yìí: ọjà àti èbúté ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.)

Ẹ̀rọ ni àwọn olùkọ́ fi wá ọ̀nà àbáyọ. Téèpù wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ a gbọ́, a sì wí tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n téèpù kì í fèsì. Ní 1968, Ivan Sutherland ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ àgbékọ́rí tí àwòrán inú rẹ̀ ń yí bí orí ẹni ṣe ń yí. Láti ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní virtual reality ti gbilẹ̀. Ní 2016, Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ ní Èkó fún irú iṣẹ́ yìí. Orúkọ Yorùbá ni ó sì fún un. Ní 2017, Mondly láti Romania gbé èyí tí a fi ń kọ́ èdè jáde: akẹ́kọ̀ọ́ á bá ara rẹ̀ nínú rélùwéè tàbí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹni inú ẹ̀rọ á béèrè ọ̀rọ̀, òun náà á fèsì.

Àǹfààní rẹ̀ tí ó ga jù ni pé ìtìjú kò sí níbẹ̀. Bí ahọ́n bá yọ̀, kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohùn ta ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́? Ohùn àwọn ará òkè òkun ni wọ́n fi kọ́ irú etí bẹ́ẹ̀ jù, nítorí náà ó lè ní kí ọmọ Nàìjíríà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé gbogbo Port Harcourt, tún un sọ. 440 yáàdì Lugard tún dé nìyẹn, láìsí ilẹ̀ rárá.

Ibi tí ó kan àwọn olùkọ́ Yorùbá gan-an ni ti ìkíni. Nínú téèpù, "ẹ kú àárọ̀" kò ju ohùn lọ. Nínú ayé inú ẹ̀rọ, àgbà lè wọlé, kí ìkíni ọmọdé tí kò kúnlẹ̀, tí kò dọ̀bálẹ̀, má tíì pé, bí ó tilẹ̀ pe gbogbo ohùn bí ó ti yẹ.